Níbo la máa gbé tá a bá ti fẹ̀yìntì? Àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí

Mo ṣe tíṣà l'Ékòó fún ọdún 35, mo fẹ̀yìntì ní 2019, látìgbà yẹn ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lèmi àti bàbá àwọn ọmọ ti gbé: Mushin, ìlú ọkọ mi lápá Ìjẹ̀ṣà, àti Ìbàdàn tá a wà báyìí. Àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ tí tiwọn ń bọ̀ lọ́nà ò yéé pè mí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi, ni mo bá ní kí n kúkú kó o jọ síbì kan, kí n yéé tún un sọ lórí fóònù. Ohun tójú mi rí ni mo kọ, ẹ fi wé tiyín.

Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ibi tó máa gbé?

Nígbà tó bá ku ọdún márùn-ún. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ mọ̀ pé téèyàn bá ti pé ọmọ ọdún 60 tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ilé yá nìyẹn. Ti tíṣà ti yí díẹ̀, òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 2022 sún un sí ọmọ ọdún 65 tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa gba òfin yẹn wọlé fúnra ẹ̀, torí náà ẹ béèrè dáadáa lọ́fíìsì yín kẹ́ ẹ má lọ gbọ́kàn lé ọdún márùn-ún tí kò sí níbì kankan. (Èmi ò jẹ nínú ẹ̀, mo ti lọ kó tó dé. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.)

Ẹ má wò ó pé ọdún márùn-ún ti pọ̀ jù. Kéèyàn wá ilẹ̀, kó wá lọ́yà, kó lọ sùn nílùú náà nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, kó bá ọkọ tàbí ìyàwó jà, kí wọ́n tún parí ìjà, ọdún márùn-ún ti lọ.

Ṣé owó pẹ́ńṣọ̀n mi á tó kọ́lé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó pẹ́ńṣọ̀n kọ́lé. Nínú ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin 2004 tí wọ́n tún ṣe ní 2014, wọ́n ń yọ 8% nínú owó oṣù yín, agbanisíṣẹ́ ń fi 10% kún un, gbogbo ẹ̀ wà ní àkáǹtì yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìntì wọ́n á fún yín níye kan lẹ́ẹ̀kan náà, ìyókù ẹ lè ní kí ilé iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú ẹ̀ máa san án fún yín lóṣooṣù, tàbí kẹ́ ẹ kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ráǹsì kí wọ́n máa san án fún yín títí ọjọ́ ikú. Owó àkọ́kọ́ yẹn ló máa ń pa èèyàn. Ó máa ń jọ owó ńlá. Mo mọ ẹni tó kó gbogbo ẹ̀ sórí fáńdéṣọ̀n, ilé náà ò kọjá ojú fèrèsé títí dòní, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, láti 2022 ni wọ́n ti gbà kéèyàn lo tó 25% nínú àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀ láti fi san owó àkọ́san tí báńkì bá fẹ́ yá a lówó ilé. Ẹ lọ béèrè ẹ̀ báyìí kó tó di pé wọ́n fún yín ní lẹ́tà.

Ìlú baba mi ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kí àgbà padà sí ni?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, òun náà ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Láti nǹkan bí 1998 lọkọ mi ti ń kọ́lé sílùú wọn, díẹ̀díẹ̀, owó àjọ bá bọ́ sí i lọ́wọ́ á ra búlọ́ọ̀kù, wọ́n bá san àjẹsílẹ̀ owó oṣù á ra páànù, títí ó fi di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́jọ. Yàrá mẹ́jọ, èèyàn méjì! Ẹ má rín mi o, ẹ lọ wo ìlú tiyín náà kẹ́ ẹ ka iye ilé ńlá tí wọ́n ti fèrèsé ẹ̀ pa, tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ àfi tó bá di Kérésì tàbí tí wọ́n bá ń sìnkú. A kó lọ lóṣù kẹwàá 2019. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn gan-an, wọ́n ń wá kí wa láràárọ̀, wọ́n ń gbé iṣu wá, atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ló wá di pé gbogbo owó tí wọ́n bá dá nílùú, ọ̀dọ̀ "ará Èkó" ni wọ́n á kọ́kọ́ yà sí, owó tiransifọ́mà, owó òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, owó ọdún ọba, owó iléèwé ọmọ ẹ̀gbọ́n. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n sọ di olówó ìlú. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà.

Alẹ́ ọjọ́ kan lóṣù kẹjọ 2020 ló lé wa kúrò. Òjò ń rọ̀, ọkọ mi ní orí ń fọ́ òun, ó ń làágùn, mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sí i lápá, nọ́ńbà tó gbé jáde, mi ò kà á tán tí mo fi dìde. Kẹ́mísì kan ṣoṣo tó wà nílùú ti tilẹ̀kùn láti aago méje. Ọlọ́kadà àdúgbò ní òun ò lè gba títì yẹn lóru. Ọmọ ẹbí wọn kan tó ń fi pikọ́ọ̀pù kó ẹran la lọ jí, inú mọ́tò náà ṣì ń rùn ewúrẹ́, àwa mẹ́ta fún ara wa síwájú, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, kòtò ń gbé wa sókè, ó ń jù wá sílẹ̀, ó lé ní wákàtí kan ká tó rí iná Iléṣà. Wọ́n gbà wá ní ọsibítù Wesley Guild, Ọlọ́run bá wa ṣe é. Nígbà tá a ń padà bọ̀ lọ́jọ́ kẹta, òun tó kọ́lé fún ogún ọdún ló lanu sọ ọ́, kì í ṣe èmi: "Ìyá àwọn ọmọ, a ò lè máa gbé ibí."

Nítorí náà mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ sílé o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kẹ́ ẹ béèrè pé tó bá di aago méjì òru tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ta ni mo máa pè, mọ́tò wo ló máa gbé mi, títì wo la máa gbà, ọsibítù wo ló máa ṣílẹ̀kùn? Tẹ́ ẹ bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfi "Ọlọ́run ò ní jẹ́" kún un, ẹ máa kó ẹrù yín lọ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì méjì níbẹ̀ bíi tiwa báyìí. Inú àwọn ará ilé tiẹ̀ máa ń dùn sí wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ló wá gbé yín dé Ìbàdàn?

Ọsibítù àti reluwé, kí n má parọ́. UCH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì, ti wà níbẹ̀ láti 1957, yàtọ̀ sí i ọsibítù àdáni pọ̀ ní Ìbàdàn dé ibi téèyàn á fi máa ṣà wọ́n. Reluwé Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù kẹfà 2021, kìlómítà 157, ẹ wọ̀ ọ́ ní Èbúté Mẹ́ta, ó sọ yín sílẹ̀ ní Mọ́níyà ní nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta, kò sí gosiló, kò sí tírélà tó ṣubú síwájú yín. Àwọn ọmọ mi tó wà l'Ékòó, ìgbà tá a wà nílùú bàbá wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ń rí wọn. Ní báyìí, àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń dé, tí wọ́n á jẹ ọ̀fadà tán tí wọ́n á sì bá tìréènì padà. Apá Mọ́níyà níbẹ̀ la gba ilé sí, a ò jìnnà sí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn yẹn.

Oúnjẹ rọ̀ lọ́jà Bódìjà ju ti Èkó lọ, ó kéré tán ní ti iṣu, ata àti ewébẹ̀, ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 kò síbi tí oúnjẹ ti pọ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín.

Àléébù Ìbàdàn ni àgbàrá. Àwọn tó dàgbà tó bíi tèmi ò lè gbàgbé Ògùnpa ọdún 1980, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹjọ 2011, odò gbé afárá, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Éjẹ́ǹtì ò ní sọ fún yín pé odò wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ẹ lọ bi ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ládùúgbò, ẹ ní "Màmá, níbo lomi dé nígbà òjò?" Á fi ọwọ́ hàn yín lára ògiri.

Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Èkìtì, Ìlọrin ńkọ́?

Abẹ́òkúta dára, reluwé kan náà ń dúró ní Láàdẹ̀rìn, Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Àbà, ó sún mọ́ Èkó. Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni gíga àti sísọ̀. Ìlú àpáta ni, ẹni tí orúnkún ń dùn tó bá gbalé sórí òkè, ilé ló máa jókòó sí.

Ìjẹ̀bú-Òde, tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀, mi ò ní bá yín jiyàn. Regbéregbé wọn yẹn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, ṣiṣẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ, kì í ṣe torí aṣọ Ojúde Ọba nìkan, ẹgbẹ́ yín mọ̀ tẹ́ ẹ bá wà láàyè, wọ́n mọ̀ tẹ́ ẹ bá ń ṣàìsàn, ẹnì kan á wá kanlẹ̀kùn. Ẹni tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú á gbádùn atẹ́gùn, àmọ́ á máa wò wọ́n látòkèèrè.

Ilé-Ifẹ̀ ní ọsibítù yunifásítì, oúnjẹ oko sì ń dé ibẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Èkìtì tutù, ó mọ́, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, ti ìpínlẹ̀ sì wà l'Ádó. Tí gbogbo ọmọ yín bá wà l'Ékòó, ẹ ronú sí títì. Ìlọrin náà kò wọ́n, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú fún ẹsẹ̀ àgbà, ooru ẹ̀ ló kù.

Ilẹ̀ Mowe, Ìbàfò, Màgbòrò kò wọ́n, ṣé kí n lọ síbẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, ó yé mi. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ̀yìntì, kí lẹ wá ń ṣe lójú ọ̀nà márosẹ̀? Ẹ ò sí l'Ékòó, ẹ ò sí ní ìgbèríko, ariwo Èkó tẹ̀ lé yín, ọsibítù Èkó ò tẹ̀ lé yín. Àwọn kan ń gbádùn ibẹ̀ o, pàápàá tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn bá wà ní ojú ọ̀nà yẹn. Èmi ò lè gbé e.

Mo nílé l'Ékòó. Ṣé dandan ni kí n kúrò?

Rárá. Ẹ gbé ìsàlẹ̀, ẹ fi òkè rẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà máa gba owó ilé kí ẹ̀yin àti ayálégbé má baà máa bára yín wí ní gbogbo oṣù kìíní.

Ká kọ́lé ni, àbí ká rẹ́ǹtì?

Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ǹtì fún ọdún kan gbáko, kí òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan bá yín níbẹ̀. Ọdún kan yẹn lẹ máa mọ̀ bóyá kànga ń gbẹ lóṣù kejì, bóyá mọ́tò ń wọ àdúgbò nígbà òjò, bóyá àwọn lándílọ́ọ̀dù ibẹ̀ ń bára wọn sọ̀rọ̀ tàbí kóòtù ni wọ́n ń gbé ara wọn lọ. Owó rẹ́ǹtì ọdún kan kéré sí ilé tẹ́ ẹ kọ́ síbi tí kò yẹ.

Lórí iná, ẹ má fi ẹnu éjẹ́ǹtì gbà á. Láti oṣù kẹrin 2024, àdúgbò tó bá wà ní báńdì A ló yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, owó ẹ̀ sì ga ju ti àwọn yòókù lọ dáadáa. Ẹ ní kí aládùúgbò fi mítà ẹ̀ hàn yín. Àwa wà ní báńdì tó kéré, a wá ra sólà kékeré kan fún firíìjì, fáànù àti gílóòbù, ó tó wa.

Irú ilé wo ló dáa fún àgbà?

Ilé ilẹ̀ oníyàrá méjì tàbí mẹ́ta. Kó má ní àtẹ̀gùn, kódà ìkan. Ẹnu ọ̀nà bálùwẹ̀ kó fẹ̀ tó kí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ní kí wẹ́dà bá yín fi irin sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tóílẹ́ẹ̀tì àti níbi tẹ́ ẹ ti ń wẹ̀, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi táìlì tó ń dán bíi dígí síbẹ̀. Wẹ́dà tó ṣe tiwa rẹ́rìn-ín, ó ní màmá, ṣé ẹ ti ń ronú pé ẹ máa darúgbó ni, mo ní ọmọ mi, mo ti darúgbó, lẹ́ irin mọ́ ògiri. Oṣù tó kọjá ẹsẹ̀ yọ̀ mí, irin yẹn ni mo dì mú.

Kí ni ká ṣọ́ra fún tá a bá fẹ́ ra ilẹ̀?

Ọmọ onílẹ̀, dájúdájú. Òfin ilẹ̀ 1978 ti fa ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́, àmọ́ ìdílé ló ṣì ń tà á fún wa. Ìdílé ò sì lè ta ilẹ̀ ẹbí kó múná dóko àfi tí mọ́gàjí tàbí olórí ẹbí àtàwọn àgbà ojúulé bá fọwọ́ sí i. A jẹ ìyà èyí. Bùọ̀dá kan tó múra dáadáa, tó ní òun ni àkọ́bí, ló ta ilẹ̀ kan fún wa, a sanwó, a kó búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, oṣù kẹrin àwọn àbúrò ẹ̀ dé pẹ̀lú àdá, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ sí i. A tún un san, ìdajì.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ fún súfèyọ̀ tiyín (kì í ṣe tiwọn) ní ìwé súfè ilẹ̀ náà kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fíìsì ilẹ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e, kí lọ́yà tiyín náà ṣe àgírímẹ́ǹtì. Èkó àti Ògùn ti ní òfin láti 2016 tó ń fìyà jẹ àwọn ajagungbalẹ̀, ó ń ran èèyàn lọ́wọ́ tí ìwé ẹni bá pé.

London ni mo wà (tàbí Houston). Mo fẹ́ padà sílé pátápátá.

Ẹ káàbọ̀, àmọ́ ẹ ka owó yín dáadáa. Pẹ́ńṣọ̀n ìjọba UK máa bá yín dé Nàìjíríà tẹ́ ẹ bá ti sanwó tó ọdún mẹ́wàá ó kéré tán (ọdún 35 ló ń jẹ́ kéèyàn gba odindi), ṣùgbọ́n wọn kì í fi kún un lọ́dọọdún fún ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà. Iye tó bá yín níbí ló máa wà, ọdún mẹ́wàá ni o, ogún ọdún ni o. Ó ń dun àwọn èèyàn púpọ̀ torí ẹni tó bá lọ gbé Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi kún tiẹ̀. NHS, ètò ìlera ìjọba UK náà, ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ ló wà fún. Ẹni tó jẹ́ pé indefinite leave (àṣẹ láti máa gbé UK títí lọ) ló ní tí kò tíì gba páásípọ́ọ̀tù, tó bá ti lé lọ́dún méjì tó ti kúrò láìpadà, ìwé náà ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin Amẹ́ríkà, Social Security, pẹ́ńṣọ̀n ìjọba yín, lè bá yín wá tẹ́ ẹ bá ti di ọmọ orílẹ̀-èdè, Medicare, ètò ìlera àwọn àgbà, ò ní bá yín wá, kì í sanwó ọsibítù ní Nàìjíríà. Ẹni tó sì jẹ́ green card ló ní, kó má lo ọdún kan síta láìgbàṣẹ.

Èyí tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má ta ilé tí wọ́n ní lọ́hùn-ún lọ́dún àkọ́kọ́. Bùọ̀dá kan ládùúgbò wa tà á, oṣù kẹjọ tó dé ló ń wá bó ṣe máa padà torí ìwe (kídìnrín) ẹ̀.

Ọkọ mi fẹ́ lọ sílùú wọn, èmi ò fẹ́. Ta ló máa borí?

Ẹ jẹ́ kó lọ lo òjò kan níbẹ̀.

Ká lọ bá àwọn ọmọ gbé nílùú òyìnbó ńkọ́?

Lílọ tọ́jú ọmọ tuntun yàtọ̀ sí gbígbé o. Físà ìbẹ̀wò UK kì í ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo lọ, mo lo oṣù márùn-ún, wọ́n tọ́jú mi, àmọ́ aago méje àárọ̀ gbogbo wọn ti jáde, èmi àti ọmọ ọwọ́ la jọ ń wo fèrèsé, ẹnikẹ́ni ò ní kí mi "ẹ káàárọ̀ mà" títí di alẹ́. Nígbà tí mo dé pápákọ̀ Ìkẹjà tí oníkẹ̀kẹ́ ẹrù kan ní "Màmá, ẹ kú ìrìn", omi bọ́ lójú mi.

Tí mo bá gbé ìlú onílùú, níbo ni wọ́n máa sin mí sí?

Ẹ̀ ń tijú béèrè ẹ̀ ni, òun gan-an ló wà nísàlẹ̀ gbogbo ìbéèrè tó kù. Ẹ sọ ọ́ fáwọn ọmọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mùsùlùmí ò ní wàhálà púpọ̀ níbẹ̀, ibi tó bá kú sí náà ni wọ́n máa ń sìn ín sí kíákíá. Ní ti àwa, ọkọ mi ní ilé tóun kọ́ yẹn ni kí wọ́n gbé òun lọ, ó ní ó kéré tán òun á lo yàrá kan nínú mẹ́jọ. Èmi ṣì ń rò ó.

Kí ni kí n kó dání nígbà tí mo bá ń kó lọ?

Ìdajì ohun tẹ́ ẹ rò. A kó ẹrù lọ́rì kan kúrò ní Mushin lọ Ìjẹ̀ṣà, mọ́tò kékeré kan péré la fi dé Ìbàdàn. Mo ta fírísà ńlá, mo pín abọ́ ọdún 35 fún àwọn ọmọ ìjọ, mo fi àga ìgbọ̀wọ́ onítìmùtìmù tó tóbi ju pálọ̀ lọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ ilé. Ọlọ mi nìkan ni mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Wọ́n ní bùlẹ́ńdà wà, mo ní mo mọ̀, ẹ gbé e síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, kó má fọ́.